Àpótí Dáradára Tí Mo Kàn fún Oyin Ìyá Ráfátù

Èmi ni mo pa oyin Ìyá Ráfátù, agbo tó dàgbà jù nínú gbogbo oyin rẹ̀. Kì í ṣe Dòsú. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, nítorí mo mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ di ìparí, màá ti rí ọ̀nà tí màá fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó pa ẹnu mọ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko nígbà tí wọ́n ń bú ẹlòmíràn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kó tètè sọ ọ́.

Káfíńtà ni mí. Mẹ́nísíyè ni wọ́n ń pè wá ní Kútọnu níbí. Ọmọ Ṣakété ni mí, mi ò sì kàwé jìnnà; ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ tí mo lọ kọ́ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Akpakpa, nínú àgbàlá ńlá kan tí wọ́n ti ń la gẹdú nígbà kan rí. Iwájú ni àwa wà. Ní ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ igi máńgòrò àti dóńgóyárò, ni Ìyá Ráfátù kó ilé oyin méje sí. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ni Dòsú tẹ́ tábìlì tirẹ̀ sí, tó to ìgò kpayo lé e, ìyẹn bẹntiróò tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà tí àwọn ọlọ́kadà ń rà lẹ́bàá títì. Ọmọ Fọn ni Dòsú. Ó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀, ó sì ń pariwo púpọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní kí n lọ bá ìyá olóyin lẹ́yìn, pé ó fẹ́ kan àpótí, inú mi kò dùn rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Mo ti ń kan bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn mẹ́ta fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n wá ní kí n lọ kọ́lé fún kòkòrò. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n má gbàgbé láti bá wọn kan ibùsùn sí i.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí àpótí ìjókòó, obìnrin Kétu kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún, tó fi gèlè wé ojú àti ọrùn.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá ní ẹ fẹ́ kọ́lé. Ṣé wọ́n á fẹ́ fèrèsé?"

Kò tilẹ̀ wò mí. "Wọn ò fẹ́ fèrèsé. Ẹni tó mọ nǹkan wọ̀n ni wọ́n ń fẹ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n wọ̀n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ó fún mi ní igi pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó ní irú rẹ̀ ni kí n gé, ọgbọ̀n, kí n tò wọ́n lé orí àpótí bí ẹní to páálí àjà. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ dín. Mo gba igi náà, mo rẹ́rìn-ín nínú. Ta ni yóò mọ̀, nínú òkùnkùn àpótí? Mo gé e fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí n lè fi ogún parí iṣẹ́ ọgbọ̀n. Mo gbé àpótí náà fún un, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó tó bí oṣù kan, ó ránṣẹ́ pè mí nírọ̀lẹ́. Ó wé gèlè mọ́ mi lójú, ó gbé agolo èéfín lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí mi. Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ẹni tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀, pé ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni oyin ń so afárá kan mọ́, kí èèyàn lè máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá gé igi rẹ̀ fẹ̀ jù, wọ́n á ṣe tiwọn bó ṣe wù wọ́n. Lóòótọ́, wọ́n ti fi afárá dábùú gbogbo igi mi, wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kò sí èyí tó ṣeé gbé. Ohun tí mo rí nínú òkùnkùn náà gún ju iṣẹ́ mi lọ. Wọn kò ní irin tí a fi ń wọn igun o, wọn kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Wo iṣẹ́ wọn," Ìyá Ráfátù wí. "Lẹ́yìn náà kó o wo tìẹ."

Bó ṣe fa igi kan báyìí, afárá ya. Omi oyin ṣàn, àwọn ọmọ inú afárá já bọ́ sílẹ̀, àwọn oyin sì mọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ta mí lọ́rùn, wọ́n ta mí létí. Mo ju agolo èéfín nù, mo sá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, títí dé ìdí tábìlì Dòsú.

"Má kó wọn wá síbí," Dòsú ké ní èdè Fọn, ó na ọwọ́ méjèèjì bo ìgò rẹ̀. "Àwọn oníbàárà mi kò fẹ́ràn ohun dídùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú mi jókòó, tó fi èékánná yọ oró wọn lọ́rùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kà wọ́n sókè kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́. Mẹ́tàdínlógún ni. Ó fi omi tútù nù mí lọ́rùn. Ohun tí Dòsú ṣe fún mi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo wá jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ráfátù bi mí pé kí ni mo jẹ kí n tó wá.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́."

"Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oró oyin máa ń rùn. Bí ọ̀kan bá ti ta ẹnì kan, òórùn yẹn làwọn yòókù fi ń mọ̀ pé ogun ti dé. O gbé ogun sẹ́nu wá bá wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ yá ju ọpọlọ rẹ lọ."

Mo gé igi míràn, ọgbọ̀n, ní ìwọ̀n. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ojú ló ń tì mí pé kòkòrò mọ iṣẹ́ mi jù mí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀yìn láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ́kọ́ ń sọ fún ara mi pé igi mi ni mo ń lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà mo rí i pé mo ti ń gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ìró kan wà nínú rẹ̀ tí ń lọ bí ẹ̀rọ tí wọ́n tàn sí yàrá kejì, ó sì máa ń yí padà. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá wà níta, ó rọlẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá ń bọ̀, ó le. Bí ìyá wọn bá kú, Ìyá Ráfátù ní, ìró náà á dà bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá ń kùn nínú ilé tí kò sẹ́ni tó lè tù wọ́n nínú.

Mo ń wò wọ́n tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ òdòdó àgbọn etí òkun bọ̀, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú lẹ́sẹ̀ wọn, tí wọ́n wúwo débi pé àwọn mìíràn á já bọ́ níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún dìde. Àwọn aṣọ́nà wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlá tiwa náà ní aṣọ́nà kan tí wọ́n ń sanwó fún. Láti aago méjì ọ̀sán ló ti máa ń sùn lórí àga tí èmi fúnra mi kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèyàn wé oyin, kò sì sẹ́ni tó gba àmì tó pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ń wá ra omi oyin. Obìnrin kan ń gbé mọ́tò wá, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò na ọwọ́ sí ìgò tí wọ́n ti dé pa. "Ìyá, ṣé kò ní ta mí?" Ọkùnrin kan kò ra tirẹ̀ láì kọ́kọ́ ki ìṣáná bọ inú oyin, pé bó bá tàn, ojúlówó ni. Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló ń ra ṣúgà jíjó tí wọ́n fi omi lù nínú ìgò ọtí lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, tó sì ń yìn ín pé ó pọ́n dáadáa. Àwọn kan dé láti ọ́fíìsì kan, wọ́n wọ fìlà kan náà, wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn oyin. Nígbà tí oyin kan fò kọjá lójú wọn, wọ́n fi fìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún wa.

"Gbogbo wọn ló fẹ́ adùn," Ìyá Ráfátù máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹni tó ṣe é."

Mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé mo ti yàtọ̀ sí wọn.

Agbo tó dàgbà jù kì í gbé inú àpótí. Ìkòkò amọ̀ ló ń gbé, irú èyí tí àwọn ará Kétu ń so sórí igi kí oyin lè wọ̀ ọ́. Bàbá Ìyá Ráfátù ló ni ín. Nígbà tí bàbá náà kú, ọkọ Ìyá Ráfátù, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù nígbà náà, bá a fi aṣọ di ẹnu ìkòkò, wọ́n sì gbé e láti Kétu wá sí Kútọnu lórí itan rẹ̀. Ọkọ náà ti kú báyìí. Ìran oyin inú ìkòkò yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ohun tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kàn. Ìkòkò náà wá là, òjò ń wọ̀ ọ́, àwọn oyin sì ní láti kó jáde.

Mo ní kó fi ilé wọn sílẹ̀ fún mi, pé ọ̀fẹ́ ni, pé yóò dára ju gbogbo èyí tí mo ti kàn lọ.

"Igi tí kò lóòórùn ni," ó wí. "Èéfín ti ba imú mi jẹ́ láti ọdún pípẹ́. Imú rẹ ni mo yá. Gbogbo pákó ni kó o gbóòórùn."

Ibi tí a ti ń rí pákó tí kò wọ́n ni ẹ̀bá èbúté. Àwọn pàlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tẹ́dìí ẹrù nínú ọkọ̀ òkun, wọ́n ń tú wọn tà, àwa mẹ́nísíyè Akpakpa sì ń fi wọ́n ṣe ohun gbogbo. Mo rí ọ̀wọ́ kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí, pákó funfun, tí kò ní kókó, tó gún. Àwọn kan nínú rẹ̀ ní àbàwọ́n bí ẹfun. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ fún mi. Ó ní oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú ni wọ́n gbé lé e lórí. Mo gbé e sí imú. Ó ń ta imú díẹ̀. Mo ní ìyẹn á lọ.

Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Mo sá a sóòrùn ní ọjọ́ méjì. Mo fi ìfági fá a títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kíákíá, bí ẹni tí kò fẹ́ rí nǹkan. Mo kan àpótí náà débi pé omi kò lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá mi gan-an wá wò ó, ó mi orí pé ó dára. Mo fẹ́ kí Ìyá Ráfátù náà mi orí, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Ṣé o gbóòórùn rẹ̀?" ó bi mí.

"Mo gbóòórùn rẹ̀, Ìyá. Kò sí nǹkan."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára yíká. Ó mi orí.

A kó wọn sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn oyin àgbàlá ta oníbàárà Dòsú lójú, ọ̀kadà ọkùnrin náà sì ṣubú lé ìgò mélòó kan. Inú bí Dòsú. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ní bí Ìyá kò bá kó wọn kúrò, òun fúnra òun ni yóò fi kpayo wẹ̀ wọ́n. A rẹ́rìn-ín, nítorí Dòsú ló sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ iwájú àpótí mi dúdú fún òkú oyin. Àwọn tí kò tíì kú ń yí bírí lórí ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń gbọ̀n, ahọ́n wọn yọ síta. Nínú àpótí, ìdìpọ̀ wọn ti já bọ́ sílẹ̀. Mo gbé etí lé e, bí mo ṣe máa ń ṣe. Igi lásán ni, kò sí ìró kankan nínú rẹ̀ mọ́. Òórùn yẹn sì wà níbẹ̀. Ooru ara wọn ló mú un jáde nínú pákó.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo mọ̀.

Ìyá Ráfátù kò sunkún. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó rìn lọ síwájú tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Dòsú ní èdè Fọn, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ó bú u, ó bú ìyá tó bí i. Dòsú ń wí pé òun kò ṣe é, pé ẹnu lásán lòun fi sọ ọ́. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú tèmi. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ń gbá òkú oyin jọ. Mo ń gbá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ẹni tó ni àgbàlá fi ní kí Dòsú gbé tábìlì rẹ̀ kúrò. Mo dáná sun àpótí náà. Mo sọ fún Ìyá pé nítorí kpayo tó ti wọ̀ ọ́ lára ni.

Oṣù mẹ́rin. Mo ń fẹ́ èéfín fún un, mo ń bá a fún afárá, ó sì ń kọ́ mi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó rò pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń mú mi mọ ìyá oyin láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń fẹ́ràn wọn sí i, ìfẹ́ náà sì ń rí mi lára, nítorí mo mọ ohun tí mo fi irú rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn agbo kún jù, wọ́n fẹ́ pín. Ìyá Ráfátù ń ha ìda lára ọ̀bẹ. Ó ní, "Bá mi kan méjì. Irú pákó funfun ọjọ́sí ni kó o lò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ilé tó dára tó ìyẹn."

Mo lè purọ́ pé pákó náà ti tán. Mo ti la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò tún máa wá a. Yóò bá mi lọ sí ẹ̀bá èbúté, pẹ̀lú imú tó ti kú.

"Ìyá, pákó yẹn kọ́. Òun ló pa wọ́n. Oògùn òwú wà lára rẹ̀. Kì í ṣe Dòsú."

Ọ̀bẹ kò dúró. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n kú."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bú ìyá ọkùnrin yẹn."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ náà sì mọ́." Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Gbé alùpùpù rẹ wá."

A ti gbọ́ pé ìtòsí Cadjèhoun ni Dòsú wà báyìí. A kọjá afárá lórí ọ̀sà, a bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tí kò ní òjìji. Tábìlì rẹ̀ ti kéré, ìgò rẹ̀ ti kéré. Ìyá Ráfátù sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú ọkùnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. Dòsú sáré fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, irọ́ ni. Kì í ṣe ìwọ. Mo wá gbé tèmi kúrò lọ́rùn rẹ."

"Ìyá, ẹ dìde. Ta wá ni?"

Ìyá Ráfátù yíjú wò mí, ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń yẹ ṣéènì alùpùpù wò. Ṣéènì náà kò ṣe nǹkan kan.

"Igi ni," ó wí nígbà tó pẹ́. "Májèlé ló wà lára igi."

Dòsú gbé e dìde, ó bu omi fún un mu. Lẹ́yìn náà ló wá sọ́dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ọrùn mi bí ẹni fẹ́ yọ oró. "Mẹ́nísíyè. Ṣé wọn ò ta ọ́ mọ́?"

Mo ní wọn ò ta mí mọ́.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Ráfátù sọ lẹ́yìn mi pé, "Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ."

"Mo rí i, Ìyá."

"O rí i," ó wí.

Kò lé mi. Mo ṣì ń bá a ṣiṣẹ́, mo sì ní agbo méjì tèmi báyìí. Pákó tí mi ò bá sá sóòrùn fún oṣù kan, tí mi ò gbóòórùn rẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò ní kàn án. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló wà níbi tí Dòsú wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa bá sọ̀rọ̀ Dòsú, ẹni tó fi kpayo pa oyin ni wọ́n ṣì ń pè é, èmi náà sì máa ń wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni gbèsè tí mo jẹ Dòsú, níwájú àwọn tó gbọ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ gbogbo èyí ní èdè tiwa, èdè tí òun kò gbọ́, tí kò sì lè kà. Fọn ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ fún un. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Mi ò tíì sọ ọ́.